Ohun Tí A Gbàgbé Láti Fi Sínú Checkpoint

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, níbikíbi tí ẹ bá wà. Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì ló ń jẹ mí lọ́kàn lónìí, fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi adjoint (ìṣirò tó ń tọpa èsì padà sẹ́yìn) wá gradient (bí èsì ṣe ń yí bí a bá yí ohun ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀) nínú simulation tó ń rìn pẹ̀lú àkókò.

Ẹ̀yìn ni adjoint ń rìn sí. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó bá sì dé, ó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí ẹ kọjá níbẹ̀. Ẹ wo àpótí oníhà mẹ́ta tó ní point 400 ní ìhà kọ̀ọ̀kan: mílíọ̀nù 64. Ní báìtì 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, megabáìtì 256 ni ipò kan ṣoṣo, ìyẹn bí gbogbo point ṣe rí ní ìgbésẹ̀ kan. Bí ìgbésẹ̀ bá pé 1000, ó di gigabáìtì 256, field kan péré (nọ́ńbà kan ní point kọ̀ọ̀kan) nìyẹn o.

Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ máa tọ́jú ipò kan, èyí tí à ń pè ní checkpoint, ní ìgbésẹ̀ 32-32. Bí adjoint bá dé apá kan, ẹ padà sí checkpoint ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ tún un sáré, ẹ lo àwọn ipò inú rẹ̀, ẹ dà wọ́n nù. Ipò bíi 64 ló máa wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gigabáìtì 16 àti díẹ̀. Ìrìn síwájú kan péré lẹ fi san án.

Bí ìyẹn ṣì pọ̀ jù, algorithm revolve ti Griewank àti Walther, ọdún 2000, ń tún àyè lò: checkpoint tí adjoint bá ti kọjá, wọ́n á fi òmíràn sí àyè rẹ̀. Àyè 10 tó fún ìgbésẹ̀ 1001, kò sì sí ìgbésẹ̀ tí a ó sáré kọjá ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ kí adjoint rẹ̀ tó kàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye ìgbésẹ̀ ṣáájú.

Àtúnsáré yìí làwọn èèyàn ń bẹ̀rù. Èmi ò bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni checkpoint tí kò pé. Wave equation nílò ipò méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ẹnì kan á tọ́jú ọ̀kan. Àwọn array inú PML (ìpele etí àpótí tó ń gbé wave mì), dt (ìwọ̀n àkókò ìgbésẹ̀ kan) tó ń yí padà, seed (nọ́ńbà tí random ti ń bẹ̀rẹ̀): ẹ gbàgbé ọ̀kan, error kankan ò ní yọ. Gradient á jáde, á jọ gidi, line search, tó ń wá bí a ó ṣe rìn jìnnà tó ní ọ̀nà tí gradient tọ́ka sí, á kàn máa kọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi NaN (àmì “kì í ṣe nọ́ńbà”) kún gbogbo array kí ẹ tó ka checkpoint wọlé. Ẹ ti checkpoint ìgbésẹ̀ 60 sáré dé ìgbésẹ̀ 100, kí ẹ fi wé ìrìn àkọ́kọ́, bit sí bit. Array tí ẹ gbàgbé á fi NaN pariwo; ti dt tàbí seed, ìfiwéra yẹn ló máa tú u fó. Lórí ẹ̀rọ púpọ̀, ètò ìròpọ̀ lè yí nọ́ńbà ìkẹyìn díẹ̀; ìyẹn kò burú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe Taylor test: ẹ yí ohun ìbẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n h, ẹ yọ ohun tí gradient sọ tẹ́lẹ̀ kúrò nínú ìyípadà èsì; ẹ gé h sí méjì, ohun tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá di ìdajì, gradient yín kò tọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú pé ẹ lè tọ́jú ohun tó wà ní ààlà àpótí nìkan, kí ẹ sì dá wave padà sẹ́yìn: ó ń ṣiṣẹ́, bí wave ò bá ń pàdánù agbára. Bí attenuation (pípàdánù agbára yẹn) bá wọ̀ ọ́, ohun tó ń rọ lọ síwájú á máa gbèrú bó ṣe ń padà, àṣìṣe kíún á sì gba gbogbo rẹ̀. Ti ìtànkálẹ̀ ooru, ẹ má tilẹ̀ dán an wò.