Mix: Ọ̀rọ̀ Kan Tó Ń Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀pọ̀ Èèyàn
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ọjà Ouando wá, ẹ kú ọjà.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni mix, ìyẹn kí a da nǹkan pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé ti mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: mixte, tó máa ń wà lára pátákó ilé-ìwé tí tọkùnrin tobìnrin ń lọ. Ọ̀dọ̀ Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, mixt ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Nígbà tó yá, wọ́n rò pé t ìparí yẹn ń tọ́ka sí ohun tó ti kọjá, ni wọ́n bá gé e sọnù. Àṣìgbọ́ ló bí mix! Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń sọ fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì ló létò, Yorùbá ló rí wúruwùru. Wọ́n á tún sọ ọ́ lọ́la.

Mix yìí kì í sinmi. Ó wà ní ilé ìdáná, ó wà níbi ìkọ́lé, ó wà ní sítúdíò. Ẹni tó ń bá èèyàn ṣe wọlé-wọ̀de, mix náà ni. Bí wọ́n bá fi up tì í lẹ́yìn, ó di ìdàrúdàpọ̀.

Àwa ńkọ́? Bíríkìlà ń po sìmẹ́ńtì. Ìyá ń ro àmàlà. A da ẹ̀wà lu àgbàdo, ó di àdàlù. Ẹlẹ́mu tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ń bu omi la ẹmu. Ohun tí mo máa ń sọ náà rèé, ẹ sì tún máa gbọ́ ọ: Yorùbá ń wo ohun tí ọwọ́ ṣe, ó sì ń wò ó bóyá àwọn ohun tí a dà pọ̀ ṣeé yà. Ọmọ tí kò fẹ́ àgbàdo yóò máa ṣa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ àdàlù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ìyá rẹ̀ yóò fi gbá a lọ́wọ́. Ta ló lè ṣa sìmẹ́ńtì kúrò nínú kọnkéré? Òun àti omi ti di nǹkan mìíràn.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ìyá kan fi nawọ́ lẹ́yìn: “Ọmọ mi, iyọ̀ inú omi ńkọ́? Kò ṣeé ṣà, àmọ́ àwọn obìnrin Djègbadji ń gbà á padà.”

Òótọ́ ni. Lẹ́bàá Ouidah, wọ́n ń kó ilẹ̀ oníyọ̀ etí ọ̀sà sínú agbọ̀n, wọ́n ń da omi lé e kó lè ro jáde pẹ̀lú iyọ̀, wọ́n á wá se omi náà títí iyọ̀ yóò fi kù nínú ìkòkò. Èyí tí ọwọ́ kò lè yà, iná yà á. Àmọ́ iná ń jẹ igi, igi ẹ̀gbà etí ọ̀sà náà sì ni wọ́n ń gé sí i. Ìyá yìí ló gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ mi: ká máa béèrè ohun tí yíyà náà yóò náni.

Alága ti ń wo aago. Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ní Brazil, àdàlù lòun náà, gbogbo yín mọ̀ ọ́n, mi ò ní ṣàlàyé. Ti èdè Gùn àti Faransé tí à ń dà lu Yorùbá wa, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ẹ̀, kó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.