Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí James Earl Jones

Ẹ ṣé o, ẹ jókòó, ẹ jókòó. Alága ní ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní, mo sì mọ ara mi, kí n tó kúrò ní ìgbà èwe ọkùnrin yìí àsìkò á ti lọ, ẹ ṣáà fara dà á fún mi. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á báyìí tẹ́ ò sí níbẹ̀, mo ti gé díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, àwàdà ibẹ̀ nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn.)

Ó yá. Ta ló mọ James Earl Jones níbí? Ẹ nawọ́. Mẹ́ta. Kò burú. Ta ló mọ bàbá Simba, kìnnìún inú fíìmù The Lion King? Ẹ ò rí i, gbogbo gbọ̀ngàn. Ọba Zamunda tó jẹ́ bàbá Eddie Murphy nínú Coming to America ńkọ́, èyí tó wọ awọ kìnnìún sọ́rùn yẹn? Gbogbo yín náà. Darth Vader tó ń mí hùù-háà nínú Star Wars? Èèyàn kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ wá wo nǹkan tí mo tìtorí ẹ̀ wá: bàbá ni Mufasa, bàbá lọba Zamunda, bàbá ni Vader náà, bó tiẹ̀ jẹ́ bàbá burúkú.

Òwe wa ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹni tí nǹkan ẹ̀ ń falẹ̀ la sábà máa ń pa á fún. Ní ti ọkùnrin yìí, òwe kọ́ o, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyẹn. Akólòlò ni, kò sì ní bàbá nílé tó máa pè.

Oṣù kìíní ọdún 1931 ni wọ́n bí i ní Arkabutla, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Bàbá ẹ̀, Robert Earl Jones, ti lọ kí ọmọ tó gbọ́njú. Ó kan ẹ̀ṣẹ́, ó sì di òṣèré nígbà tó yá, ní New York. Màmá náà ò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, iṣẹ́ ló ń wá kiri, nítorí náà àwọn òbí ìyá ẹ̀ ló tọ́ ọ. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún márùn-ún wọ́n kó kúrò ní Gúúsù bí ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú ṣe ń kó kúrò nígbà náà, wọ́n lọ dáko ní Dublin, ní Michigan, ibi tí òtútù ti ń bunijẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, lòun náà bá pa ẹnu dé, ó sì dé e pa fún bí ọdún mẹ́jọ. Mo ní ọdún mẹ́jọ o! Tísà bi í ní nǹkan, á kọ ọ́ sí ìwé. Àwọn ará ilé ẹ̀ àtàwọn ẹran ọ̀sìn inú oko ló ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Ohùn tí gbogbo ayé padà wá ń san owó gbọ́, ẹlẹ́dẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbà tó dé iléèwé girama ní Brethren, tísà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Donald Crouch, ó rí i pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ń kọ ewì. Ọmọ náà wá kọ ewì kan lórí ọsàn gréèpù, ọsàn lásán! Crouch ní ewì yìí ti dára jù, kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́, tó bá jẹ́ ìwọ ni, dìde kó o kà á látorí. Ọgbọ́n ni tísà ń dá. Ọmọ náà dìde, ó ka gbogbo ẹ̀ láìkó lòlò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé pẹ̀lú akólòlò rí ẹ mọ̀ pé tó bá ń kọrin kì í há, tó bá ń ka nǹkan tó ní ìlù nínú, kì í sábà há. Látìgbà yẹn ló ti ń ka ewì kiri, tó ń bá wọn jà níbi ìdíje àríyànjiyàn, ẹni tí ò kí èèyàn láàárọ̀ tẹ́lẹ̀!

Ibí ni mo ti ní ìjà pẹ̀lú àwọn kan. Wọ́n á ní, ah, ohùn yẹn, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ó tán. Mo mọ̀ wọ́n, ọ̀kan jókòó síwájú níbí, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ogún ọdún la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́run fún un ní ọ̀nà ọ̀fun, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹni tó ní ọ̀nà ọ̀fun tó nípọn pọ̀ lójà, wọ́n ń fi pe èrò mọ́tò. Nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu Jones, ìṣọ́ra ni. Akólòlò máa ń rí ọ̀rọ̀ lókèèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tó bá rí i pé èyí máa há á á yà sí òmíràn, tí kò bá sí òmíràn á rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń rìn lórí ẹrẹ̀. Ó sì sọ ọ́ fúnra ẹ̀ nígbà tó ti dàgbà pé akólòlò ṣì ni òun, òun kàn ń bá a ṣiṣẹ́ ni. Nítorí náà tí Vader bá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà yín, ẹni tí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ti bà rí ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni iwájú, ẹ fèsì tó bá dọ̀la.

Ẹ jẹ́ n sáré. Ó wọ Yunifásítì Michigan, iṣẹ́ dókítà ló fẹ́ kọ́, ó yà sí eré orí ìtàgé, ó ṣe sójà, ó parí ní 1955, ó wá sí New York, níbi tó ti wá mọ bàbá ẹ̀ dáadáa, ọmọ tó ti lé lógún ọdún. Wọ́n tiẹ̀ jọ ṣeré lórí ìtàgé. Nígbà yẹn bàbá náà kò rí iṣẹ́ fíìmù ṣe mọ́, torí orúkọ ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbà síṣẹ́ lásìkò tí ìjọba ń ṣọdẹ kọ́múníìsì kiri.

Ní 1961 ọmọ wà nínú The Blacks, eré orí ìtàgé ti Jean Genet, òǹkọ̀wé ọmọ Faransé, ẹ gbọ́ àwọn tí wọ́n jọ ṣe é: Cicely Tyson, Maya Angelou, Louis Gossett. Kò tíì sẹ́ni tó lówó nínú wọn nígbà yẹn! Ó ṣe Shakespeare níta gbangba nínú Central Park. Stanley Kubrick, adarí fíìmù, wá wo òṣèré kan tó ń jẹ́ George C. Scott níbẹ̀, tó fẹ́ mú un fún fíìmù, ó rí Jones náà nínú eré kan náà, ó kó àwọn méjèèjì, bó ṣe bọ́ sínú Dr. Strangelove ní 1964 nìyẹn, fíìmù àkọ́kọ́. Ẹ rántí orúkọ Scott yẹn o.

Èyí tó gbé e jáde ni The Great White Hope. Ìtàn akàn-ẹ̀ṣẹ́ dúdú tí wọ́n fi Jack Johnson ṣe àwòkọ ni, Washington ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1967 kó tó dé Broadway, àwọn gbọ̀ngàn ìtàgé ńlá ní New York, ó gba Tony, àmì ẹ̀yẹ orí ìtàgé, ní 1969. Wọ́n wá fi ṣe fíìmù, wọ́n sì pè é mọ́ àwọn tó máa du Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù, òun ni ọkùnrin dúdú kejì tí wọ́n máa pè síbi òṣèrékùnrin tó dára jù, lẹ́yìn Sidney Poitier. Ta ló gbà á? Scott! Scott sì ní òun ò fẹ́, kò wá gbà á. Kí wọ́n kúkú gbé e fún ẹni kejì, ẹ̀yin ará, wọn ò gbé e fún un.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ Jones, Fences ni, 1987, eré August Wilson. Ó ṣe Troy Maxson, agbálẹ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ní Pittsburgh, tó ti gbá bọ́ọ̀lù baseball rí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n bá aláwọ̀ funfun gbá a. Ọmọ ẹ̀ fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, bàbá ní rárá. Ibì kan wà tí ọmọ bi í pé kí ló dé tẹ́ ò fẹ́ràn mi rí, bàbá náà sì dá a lóhùn pé ta ló ní mo gbọ́dọ̀ fẹ́ràn rẹ, ojúṣe ni mo ń ṣe, mò ń bọ́ ọ, mò ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Courtney B. Vance ló ṣe ọmọ yẹn. Ẹ wò ó, ẹni tí bàbá ẹ̀ ò ṣe ojúṣe kankan fún un ló dúró síbẹ̀ lálaalẹ́, ó ń sọ ọ́ bíi bàbá! Ó gba Tony kejì. Denzel Washington ṣe ipa yẹn lẹ́yìn náà, ó ṣe é dáadáa, mi ò fẹ́ ìjà méjì lójọ́ kan.

Ó wá kan Vader. Ní 1977, nínú Star Wars àkọ́kọ́, David Prowse, géńdé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ga tó sì ń gbé irin, ló wọ ẹ̀wù dúdú yẹn. Jones kàn wọ sítúdíò, kò ju bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lọ, wọ́n fún un ní 7,000 dọ́là, ó lọ sílé. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun síbẹ̀, pé òun ò yàtọ̀ sí ariwo tí wọ́n fi ẹ̀rọ kún fíìmù. Ìgbà tí ẹ̀kẹta jáde ní 1983 ni orúkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú hàn.

Èyí tó wà láàárín, ti 1980, ni Vader ti sọ fún Luke, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a jà, pé òun ni bàbá ẹ̀. (Kò pe Luke níbẹ̀ o, ẹ yéé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "rárá" ló fi bẹ̀rẹ̀.) Àṣírí ni, gbólóhùn míì tó jẹ́ irọ́ ni wọ́n fún Prowse sọ níwájú kámẹ́rà, Jones ló wá sọ òótọ́ ní sítúdíò. Nígbà tí Jones ka ìwé náà, ó ní irọ́ ni Vader ń pa fún ọmọ yìí! Ẹni tó máa sọ ọ́ kò gbà á gbọ́. Èmi ni mo wá ń rò ó o, òun ò sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti lé lógún ọdún kó tó mọ bàbá ẹ̀, ṣé ó máa yá a lára láti gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́?

Ibí ni mo fẹ́ ti bọ́ sórí Mufasa, mo ní ojú ìwé mẹ́rin lórí ẹ̀, ni ọmọbìnrin kan bá dìde lẹ́yìn, kò dúró de màìkì. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣé kì í ṣe pé bàbá yẹn ta ohùn wọn fún kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó kú?" Gbọ̀ngàn hó yèè.

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, títa ni mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ ká pè é. Ní 2022, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó fọwọ́ sí i pé kí Lucasfilm, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Star Wars, lo àwọn ohùn ẹ̀ àtijọ́, Respeecher, iléeṣẹ́ kan ní Ukraine, ló fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn Vader jáde fún Obi-Wan Kenobi, eré tẹlifíṣọ̀n Star Wars kan, ogun sì ń jà lórí wọn lásìkò tí wọ́n ń ṣe é. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án 2024, ẹni ọdún 93. Nígbà tó di 2025 wọ́n gbé ohùn náà sínú géèmù Fortnite, o bá Vader sọ̀rọ̀, ó dá ẹ lóhùn! Àwọn ọmọ aráyé tún mú kó máa sọ ìsọkúsọ, kò pẹ́ tí wọ́n tún un ṣe. Ẹbí ẹ̀ fọwọ́ sí i o. Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, SAG-AFTRA, ló fẹjọ́ sùn pé iléeṣẹ́ géèmù ò bá àwọn dúnàádúrà kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rọ́pò èèyàn.

Mo ní ẹ̀rọ kò kó lòlò rí, kò mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bẹ̀rù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin yẹn ò jókòó. Ó ní, "Sà, ìyẹn dùn létí, àmọ́ èmi ń ka ìpolówó jẹun, oníbàárà mi kan ti ní òun á fi ẹ̀rọ ṣe é, kò bèèrè bóyá ẹ̀rọ ń bẹ̀rù." Mi ò rí nǹkan sọ. Mo sọ fún un pé kó máa ka ìwé tó bá ń fọwọ́ sí, pé Jones mọ nǹkan tó fọwọ́ sí, ó sì ti lówó lọ́wọ́ kó tó fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ ṣé sà," bí ẹni pé kì í ṣe ìyẹn lòun bèèrè. Òótọ́ ni, kì í ṣe òun. Látìgbà náà ni mo ti ń rò ó.

Alága ti ń fọwọ́ kan aago. Nítorí náà, wàràwàrà: Roots apá kejì lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1979, òun ló ṣe Alex Haley, ẹni tó kọ ìwé Roots. Emmy, àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n, méjì lọ́dún kan, 1991. Field of Dreams, ẹ lọ wò ó. Mufasa ní 1994, ẹ̀yin ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kàn fi èyí kún un pé Madge Sinclair ọmọ Jamaica tó ṣe ìyàwó ẹ̀ ní Zamunda ló ṣe ìyàwó ẹ̀ láàárín àwọn kìnnìún náà. Oscar ọlọ́lá ní 2011, orí ìtàgé ní London ni wọ́n ti gbé e bá a. Àwọn kan ní èyí kò wọ ìṣirò torí kò bá ẹnikẹ́ni du ú, ẹ bá mi kí wọn.

Èyí tó kẹ́yìn, alága ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan. Ní 1958 ó ṣe ìránṣẹ́ inú ilé nínú eré kan lórí Roosevelt, ní Cort Theatre, Òpópónà 48 ní New York. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀, á kàn wọlé wá sọ fún ìyàwó Roosevelt pé oúnjẹ ti délẹ̀. "Mrs. Roosevelt" ló fi bẹ̀rẹ̀. M sì nìyẹn! Ó ní M yẹn há mọ́ òun lẹ́nu lórí ìtàgé, iwájú èrò. Ní 2022, ọdún tó fọwọ́ sí ìwé ohùn yẹn, wọ́n yí orúkọ Cort padà, James Earl Jones Theatre ló ń jẹ́ báyìí.

Ọ̀gbẹ́ni iwájú wá ké sí mi pé, "Ṣé M yẹn jáde?"

Ó jáde. Ó pẹ́ díẹ̀.