Bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìlù àti àmì orin: ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o. Àwọn ọmọdé la fẹ́ bá ṣiṣẹ́ lónìí, láti orí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ̀yin olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kọ́yà àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ ṣe é nínú pálọ̀ yín, gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá agolo mílíìkì kan tó ti ṣófo, bírò méjì, páálí funfun àti máákà. Ó tán. Ẹni tí kò ní dùùrù kò pàdánù ohunkóhun nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ojú pátákó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin fún, pẹ̀lú orúkọ àwọn àmì orin àti gígùn wọn: semibreve bíìtì mẹ́rin, minim méjì, crotchet kan, quaver ààbọ̀. Ọmọ á há a sórí, á gba máàkì. Àmọ́ ẹ ní kó patẹ́wọ́ ohun tó kọ sílẹ̀ yẹn, ẹ ó rí i pé á máa wò yín lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì kankan han ọmọ títí ara rẹ̀ á fi mọ ohun tí àmì náà ń sọ. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n, ẹnu á gbà á lọ́wọ́ ẹsẹ̀, ọwọ́ á gbà á lọ́wọ́ ẹnu. Ojú ló ń kẹ́yìn.

Ó yá, ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ ní kí wọ́n dìde. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, lójú kan náà, mi ò kúrò níbi tí mo wà. Ìtẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bíìtì kan nìyẹn. Nígbà tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn bá ti ń bọ́ sílẹ̀ pọ̀, ẹ gbé orin tí wọ́n mọ̀ lé e. Orin eré òṣùpá dára, orin tí wọ́n fi ń tò lọ sí kíláàsì náà dára.

Wọ́n máa sáré. Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kó má baà yà yín lẹ́nu: bí orin bá ti ń dùn mọ́ ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá. Ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ẹ pe ọ̀kan jáde nínú wọn, èyí tó ń sáré jù gan-an, ẹ gbé agolo àti bírò fún un, ẹ ní kó máa lù ú bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń lọ. Ẹ sọ fún un pé òun ni gúdúgúdú. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí mọ̀ pé bí ìyáàlù bá ń kì, tó ń pa òwe, tó ń ṣe bó ṣe wù ú, gúdúgúdú kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ á fara balẹ̀, àwọn yòókù á sì máa tẹ́tí sí i. Ẹ pààrọ̀ wọn títí yóò fi kan gbogbo wọn. Bí ẹ bá lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí èyí nìkan, ẹ ò fi àkókò ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹnu. Àwọn tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Zoltán Kodály ará Họ́ńgárì máa ń pe bíìtì kan ní "ta", wọ́n á sì pe méjì tó wọ inú bíìtì kan ní "ti-ti". Ó dára. Oúnjẹ ni èmi ń lò ní tèmi, torí ọmọ kì í gbàgbé oúnjẹ. Ẹ tẹ̀lé mi, ẹsẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dúró o:

Gbà, gbà, ẹ̀wà, gbà.

"Gbà" gba ìtẹ̀lẹ̀ kan. "Ẹ̀wà" náà gba ìtẹ̀lẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ohùn méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n pín in dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ́ mẹ́ta nínú bíìtì kan, "àkàrà" wà ńlẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, "mọ́ínmọ́ín". Ẹ gbọ́ ọ: gbà, àkàrà, gbà, àkàrà. Mọ́ínmọ́ín, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, gbà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un. Ẹ wò ó, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mú, ohùn kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbà, ẹ̀wà, àkàrà: ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín: òkè ni gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá mú "ìrẹsì" tàbí "ẹ̀kọ", ohùn á gòkè lẹ́nu ọmọ, ó sì lè rò pé èyí tó gòkè ló gùn jù tàbí òun ló yẹ kí òun lù kíkankíkan. Gígùn ohùn là ń kọ́ wọn báyìí. Òkè àti ìsàlẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Tí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ yẹ ohùn orí rẹ̀ wò kí ẹ tó mú un.

Lẹ́yìn ẹnu, ẹ ní kí wọ́n patẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n patẹ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Ẹ pa bíìtì mẹ́rin fún wọn kí wọ́n dá a padà, bí ìgbà tí ẹ bá ń lé orin tí wọ́n ń gbè é.

Ìdákẹ́ náà ńkọ́? Gbà, gbà, ẹ̀wà, (ẹ wo ọwọ́ mi, mo la á sí afẹ́fẹ́). Bíìtì kẹrin wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ kan á pa á, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á fo ibẹ̀ kọjá, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn kí ẹsẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀. Èyí tó ń fò ó yìí ni kí ẹ mójú tó jù. Ọmọ tó bá ti ń la ọwọ́ lásìkò ìdákẹ́ kì í fò ó mọ́, torí ohun tí yóò ṣe níbẹ̀ ti wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni páálí, kò sì yẹ kí ó pẹ́. Ọ̀pá kan tó dúró gbọnrangandan, "gbà" nìyẹn. Ọ̀pá méjì tí ẹ fi ìlà so lórí, "ẹ̀wà" nìyẹn. Fún ìdákẹ́, ẹ kọ ohun tó jọ lẹ́tà Z. Bíìtì mẹ́rin lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹ na ìka sí i bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ, kí wọ́n kà á. Ẹnu á yà yín: wọ́n á kà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ohun tí ara wọn ti mọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọmọ ní máákà kí òun náà kọ tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, ọmọ ọdún méje ni. Ẹ wo ohun tó kọ: ẹ̀wà, ẹ̀wà, gbà, ìdákẹ́. Mo ní kó pa á, ó pa ẹ̀wà, ẹ̀wà, ẹ̀wà, gbà. Mi ò ní sọ pé kò gbà á. Àwọn yòókù ni mo máa ní kí wọ́n pa ohun tó wà lórí páálí fún un. Ẹ wo ojú rẹ̀! Ó ti gbọ́ ọ. Ó ń gba máákà padà, ó fẹ́ fi ọ̀pá kan kún bíìtì kẹta kó sì fi ìlà so wọ́n. Ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé ohun tí òun bá kọ ni ẹlòmíràn máa lù.

Nígbà tí èyí bá ti wọ̀ wọ́n lára, ẹ kun orí dúdú sí ìdí ọ̀pá, kí ẹ wá sọ orúkọ fún wọn: gbà ni crotchet, ẹ̀wà ni quaver méjì. Tí ẹ bá fẹ́ "gbàà" tó gba ìtẹ̀lẹ̀ méjì, orí rẹ̀ á ṣófo nínú, ìyẹn ni minim. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún orúkọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn. Níbí, ọmọ Yorùbá ti bá iṣẹ́ dé ààbọ̀ kó tó jókòó. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé: bàtà, dò dò; ọmọ, re re; owó, re mí. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe é, dò níbi ìkùn, re níbi àyà, mí níbi iwájú orí. Ẹ kàn rántí pé ti ọ̀rọ̀ ẹnu kò fìdí múlẹ̀ tó ti orin: a lè fa òkè wálẹ̀ tàbí kí á gbé e ga, ọ̀rọ̀ á ṣì yéni. Nínú orin, àlàfo tó wà láàárín d (dò), r (re) àti m (mí) kì í yí padà. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ lórin fún wọn dáadáa kí wọ́n gbè é.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan: "Ìwé mi dà?" Ohùn rẹ̀ ni d m r d. Ẹ wá gbé e lé ẹsẹ̀: "ìwé" wọ inú bíìtì kan, "mi" gba kan, "dà" gba méjì. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú tonic sol-fa (sólífà), ọ̀nà tí a fi ń fi lẹ́tà kọ orin, nìyí:

|d .m :r |d :– |

Àmì tó ṣe tó tó lókè àti nísàlẹ̀ yẹn (:) pín bíìtì kan sí èkejì. Tó ẹyọ kan pín bíìtì sí méjì. Ìlà kékeré ní kí ohùn ṣì máa lọ. Bí àlàfo bá ṣófo, ìdákẹ́ ni. Sarah Glover, olùkọ́ kan ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí. Àlùfáà John Curwen ló tún un ṣe tó sì tàn án kálẹ̀, kí ẹni tí kò ní ohun èlò lè ka orin kó sì kọ ọ́. Òun ni kọ́yà púpọ̀ nílẹ̀ wa ṣì ń kà títí dòní. Àwọn kan máa ń sọ pé ti àwọn tí kò mọ orin ni. Mi ò gbà rárá. Ọmọ tó bá lè ka sólífà á gbọ́ orin nínú orí rẹ̀ kó tó la ẹnu.

Bí àwọn ọmọ bá ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe orin tiwọn, kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, tó lu dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní kàtídírà Christ Church l'Ékòó, ja ìjà yìí gan-an, ó sì tọ̀nà.

Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ sórí ìlà, ẹ má fa márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fa méjì péré: d lórí ìlà ìsàlẹ̀, r láàárín, m lórí ìlà òkè. Kí wọ́n kọ "Ìwé mi dà" síbẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó kù á máa wá díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún wà fún àwọn tó ti lé ní ọdún mẹ́jọ, ó sì jẹ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù: kónkóló, ìlù agogo. Ẹ fa àpótí méjìlá sórí páálí ní ìlà kan. Ẹ kun èyí tí a ó lù: 1, 3, 5, 6, 8, 10, 12. Ẹ fi bírò lù ú lórí agolo, kí ẹ máa ka gbogbo àpótí lẹ́nu, ẹ rọra ṣe é. Láti 12, ẹ padà sí 1 láìdúró.

Ní báyìí, ẹ fi ẹsẹ̀ sí i: 1, 4, 7, 10. Ibi tó ti le nìyí, torí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ò pàdé ju orí 1 àti 10 lọ. Lórí 4 àti 7, ẹsẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ pín wọn sí méjì: apá kan á tẹlẹ̀, apá kejì á lu agolo, kí wọ́n wá pààrọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé agogo kan náà yìí ń dún nínú bẹ̀ǹbẹ́, ayẹyẹ ìlù òrìṣà ní Kúbà, àti nínú kandombilé, ẹ̀sìn òrìṣà ní Bràsíl. Àwọn èèyàn wa ló gbé e kọjá òkun. Ẹ wá ìró rẹ̀ fún wọn lórí fóònù, kí wọ́n na ìka sí àpótí bó ṣe ń lọ.

Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti lè ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀ yípo mẹ́rin láìdúró, ẹ dojú páálí dé, kó lù ú láìwò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páálí tuntun fún un pẹ̀lú àpótí méjìlá tó ṣófo, kó kun tirẹ̀, kó sì fi agolo lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti lù ú.