Orin Àgbà Lẹ́nu Ọmọdé: Uncle Tupelo àti Àwo Orin Wọn Àkọ́kọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Bí a bá dárúkọ orin kántírì níbí, Jim Reeves ni ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ rántí: ohùn tútù, àárọ̀ Sunday, orin Kérésì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bàbá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi lónìí. Kántírì tí mo bá wá ń pariwo.

Ìlú Belleville ló ti wá, ní ìpínlẹ̀ Illinois, òdìkejì odò Mississippi sí St. Louis. Èédú àti ọtí bíà wà lára ohun tí ìlú náà fi ń jẹun láyé ìgbà kan. Ní 1988, ilé ìpọntí Stag tó wà níbẹ̀ ti kógbá wọlé. Jay Farrar, Jeff Tweedy àti Mike Heidorn onílù jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí. Orin pọ́ńkì, aláriwo, ni wọ́n fẹ́ràn. Uncle Tupelo ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn.

Oṣù Kìíní 1990 ni wọ́n gba Boston lọ, sí stúdíò Fort Apache. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n lò, nǹkan bíi 3,500 dọ́là ló ná wọn, orin mẹ́tàlá ló jáde níbẹ̀. Farrar kò ju ẹni ọdún 23 lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti lanu, ẹ ó ní arúgbó tí ayé ti lù bolẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní “Whiskey Bottle” dáadáa. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ń ta pedal steel, gìtá onírin tí wọ́n máa ń tẹ́ kalẹ̀ bíi tábìlì, ó ń sunkún lábẹ́ ohùn. Kó tó di pé ara yín balẹ̀, ègbè dé, gìtá oníná bú gbàù! Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́ padà. Àwọn kan ní àdàlù pọ́ńkì àti kántírì ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀mùtí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: á rọra rojọ́, á fọ́wọ́ lu tábìlì, á tún rọra rojọ́.

Orin àtijọ́ kan ni wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ, No Depression. Ìdílé Carter, láti orí òkè Virginia, gbé orin yẹn sáwo ní 1936, nígbà tí ọ̀dá owó gba gbogbo Amẹ́ríkà kan. Ọ̀run ni orin náà ń wò, níbi tí kò ti sí ọ̀dá owó. Mo dúró síbí díẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ pọ́ńkì a máa fi irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán nílé.

Ẹ má sì gbàgbé pé A.P. Carter, olórí Ìdílé Carter, kò dá orin kó jọ. Lesley Riddle, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó ti pàdánù ẹsẹ̀ kan, ló ń bá a rìn kiri abúlé. Carter a kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Riddle a fi ohùn orin sórí. Maybelle Carter, tí ó ń ta gìtá nínú ìdílé náà, kọ́ ọgbọ́n gìtá lọ́wọ́ rẹ̀.

Rockville, ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò sí lábẹ́ àwọn olówó ńlá, ló gbé àwo náà jáde lóṣù Kẹfà 1990. Òmìnira yìí ní ìṣòro tirẹ̀: ọ̀rọ̀ owó gbé wọn dé ilé ẹjọ́ nígbẹ̀yìn, ọdún 2003 ni wọ́n tó tún àwo náà tẹ̀. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ti túká láti 1994. Farrar dá ẹgbẹ́ Son Volt sílẹ̀, Tweedy di ti ẹgbẹ́ Wilco. Lọ́dún kejì, ìwé ìròyìn kan jáde tí ó ń jẹ́ No Depression, àwọn èèyàn sì ń fi orúkọ náà pe irú orin yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́tí sí i lálẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ gbọ́ ti 1936. Kó wá gbé ti 1990 lé e, láì sinmi láàárín.