Káńsù Kò Jalè Rí: Àpò Ta Ni Owó Ìwádìí Yóò Ti Jáde?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ènìyàn sọ ní Ìbàdàn rèé. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà, ṣùgbọ́n mi ò yọ ibi tí inú ti bí mi, mi ò sì yọ ìbéèrè tó já mi lẹ́nu kí n tó dé ìdajì.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Alága ìjókòó, ẹ ṣeun. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ fún mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì gbé wá. Bí ìjọba bá ní kí wọ́n wádìí bí káńsù kan ṣe ná owó, inú àpò ta ni owó ìwádìí yẹn yóò ti jáde?

Àwọn kan á ní ìbéèrè kékeré nìyẹn, pé ká kọ́kọ́ rí olè mú ná. Mi ò gbà. Ìwádìí ń jẹ owó. Agbẹjọ́rò á gbowó. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ á gbowó. Gbọ̀ngàn, ọkọ̀, epo jẹnẹrétọ̀, yàrá òtẹ́ẹ̀lì àwọn tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, ìwé tí wọ́n á tẹ̀ ní ìparí, owó ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí owó yẹn bá sì ti àpò rẹ̀ jáde, òun ló mọ ìgbà tí ìwádìí máa dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní 1954, ẹgbẹ́ Adégòkè Adélabù gba káńsù Ìbàdàn, òun fúnra rẹ̀ sì di alága. Ó tún jẹ́ mínísítà ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ńkọ́? Ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ló wà, Awólọ́wọ̀ ni olórí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé alátakò ni Adélabù àti Awólọ́wọ̀ sí ara wọn, mi ò ní í fi ìyẹn jẹ àkókò. Ẹ̀sùn ń rọ́ jáde nípa bí káńsù ṣe ń pín iṣẹ́ fún kọngílá àti bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́. Ní 1955 ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé olùwádìí kan dìde. Ọ̀gbẹ́ni Nicholson ni orúkọ rẹ̀, akọ̀wé ìlú ni ní Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1956, ó sì le koko. Adélabù fi ipò mínísítà sílẹ̀, ó fi ipò alága sílẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Kò parí. Ní ọdún 1956 yẹn kan náà, àwọn ará Ìbàdàn tún dìbò fún un. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, ó sì di olórí àwọn alátakò níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ pa á ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958, gbogbo wa la gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa bí Ìbàdàn ṣe gbóná.

Mi ò sọ pé irọ́ ni Nicholson kọ. Ohun tí mo ń wí ni pé, àwọn ará ìlú tí wọ́n torí wọn wádìí káńsù, wọn kò gba ìwádìí náà gbọ́. Wọ́n wá ẹni tí kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni n'Íbàdàn láti wá wo ìwé owó, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè é, tó yan ohun tí yóò bèèrè àti ìgbà tí yóò bèèrè, gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n, ó sì mọ ẹni tó ń bá jà. Olùwádìí wá láti ibi tó jìnnà. Àpò tó fi ṣiṣẹ́ kò jìnnà rárá.

Ìdí tí mo fi ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ owó nìyí. Ẹnikẹ́ni lè wá olùwádìí tí kò ṣe ojúsàájú. Àpò tí kò ṣe ojúsàájú ló ṣòro.

Èkó náà ti rí irú rẹ̀ ṣáájú Ìbàdàn. Ní 1953, Ọ̀gbẹ́ni Storey, akọ̀wé ìlú Norwich, ló wádìí káńsù Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n tú káńsù ká, ipò méyọ̀ tí Dókítà Olórun-Nimbe ti dì mú láti 1950 sì pa rẹ́. Kò sí méyọ̀ mìíràn l'Ékòó láti ìgbà náà. Ẹ wo ẹni tó jìyà: ìlú pàdánù ipò tí wọ́n fi ń yan olórí wọn, nítorí ohun tí ènìyàn díẹ̀ ṣe.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ mi wàyí, bí mo bá sì tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lónìí, ẹ fi orí jì mí. Káńsù kò jalè rí. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, kò ní àpò agbádá. Ènìyàn ló ń jalè. Àwọn kan máa ń jókòó sórí rédíò láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni kó sanwó ìwádìí, kí káńsù tó ṣẹ̀ san án." Mo bá wọn gba ìdajì àkọ́kọ́. Ìdajì kejì ni wọ́n ti fi ọlẹ ronú. Káńsù wo ló ṣẹ̀? Owó káńsù Akínyẹlé, owó àwọn ará Akínyẹlé ni. Ìyá tó ń san owó ìsọ̀ lọ́jà Mọ́níyà, ṣé òun ló fọwọ́ sí ìwé ọ̀nà tí wọn kò ṣe? Wọ́n jà á lólè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ní kó sanwó fún ẹni tó wá bi í bí wọ́n ṣe jà á lólè.

Ẹ jẹ́ kí n fi àjọ ṣe àpẹẹrẹ. Alájọ kan gbé owó sá lọ. Àwọn tó dá àjọ ní kí wọ́n wá a. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dáwó jọ láti fi wá a, torí kò sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, ṣé owó àjọ nìkan ni wọ́n á gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Wọ́n á gba owó ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ dé Sakí lọ wá a. Gbogbo ọjà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló tọ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti rí ìlànà káńsù wa gbà, wọ́n ti ní irú òfin ọjà yẹn rí. Olùṣàyẹ̀wò owó lè kọ gbèsè sí ọrùn káńsẹ́lọ̀ tó mọ̀ọ́mọ̀ ná owó ìlú lọ́nà tí òfin kò gbà. Ẹ rántí Shirley Porter, tó jẹ́ olórí káńsù Westminster ní London nígbà kan. Wọ́n ta ilé káńsù ní àwọn àdúgbò tí ìbò ti le, kí àwọn tó máa dìbò fún ẹgbẹ́ wọn lè pọ̀ níbẹ̀. Ní 1996, olùṣàyẹ̀wò kọ mílíọ̀nù 31.6 pọ́n-ùn sí ọrùn rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é. Ó gbé ẹjọ́ dé òkè pátápátá. Ní oṣù Kejìlá 2001, ilé ẹjọ́ àwọn Lọ́ọ̀dù ní ó jẹ̀bi. Ní 2004 ó san mílíọ̀nù 12.3. Owó tirẹ̀ ni, kì í ṣe owó àwọn ará Westminster.

Ohun tó ń dùn mí ni pé, kí ẹjọ́ yẹn tó parí, wọ́n ti fi òfin ọdún 2000 pa agbára olùṣàyẹ̀wò yẹn rẹ́. Òfin wọn ti 1999 sì gbé owó olùyẹ̀wò tí mínísítà bá rán wá lé káńsù tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́rùn. Nígbà tí Eric Pickles, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ káńsù, rán ilé iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò owó PwC sí káńsù Tower Hamlets ní 2014, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní ìlà oòrùn London, tó ń san owó orí káńsù níbẹ̀, àpò wọn wà nínú rẹ̀. Wọ́n kúrò lórí ohun tó tọ́, wọ́n lọ sórí ohun tó rọrùn fún ìjọba.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ inú òfin tiwa ni Màmá kan nawọ́ sókè. Alága ní kó dúró di ìgbà ìbéèrè. Màmá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun ò ní í pẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka owó káńsù kan rí kó tó fẹ̀yìntì. Ohun tó sọ rèé, mo kọ ọ́ sílẹ̀:

"Ọmọ mi, o káre. Ṣùgbọ́n o ń bèèrè ta ni yóò san owó ìwádìí. Àwa ti san án. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wá wádìí káńsù wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fáìlì lọ sí sẹkitéríátì, owó ọkọ̀ ara mi ni. Ọjọ́ kan wọn ò tiẹ̀ jókòó, wọn ò sì ránṣẹ́ sí wa. Oúnjẹ ọ̀sán àwọn ìgbìmọ̀, inú owó tí a gbà lọ́jà láàárọ̀ ni wọ́n ti rà á. Oṣù yẹn owó wa pẹ́. Àbájáde ìwádìí, mi ò rí i títí mo fi fẹ̀yìntì. Owó àjẹmọ́nú mi náà, mi ò tíì rí i tán. Ta ló máa san tèmi padà?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Mo pa ìwé tó wà níwájú mi dé.

Ojú ìwé mẹ́fà ló kù tí mo fẹ́ kà. Mi ò kà á. Àwọn tó wà lókè ni mo ti ń wò látàárọ̀: gómìnà, alága, olùwádìí. Màmá fi ẹni tó wà nísàlẹ̀ hàn mí. Ẹ wo bí owó ṣe ń rìn. Abala 162 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí owó tí ìjọba ń pín fún gbogbo káńsù tó wà ní ìpínlẹ̀ kan wọ àpò àjùmọ̀ní kan. Inú àpò yẹn ni owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde, inú rẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ti ń jáde. Nítorí náà, bí ìjọba bá ní "káńsù ni kó san owó ìwádìí", tíṣà àti àwọn bíi Màmá yìí ni wọ́n ní kó dúró kí àwọn agbẹjọ́rò kọ́kọ́ jẹun.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 ti yanjú rẹ̀, pé owó káńsù gbọ́dọ̀ lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù. Ìdájọ́ dáradára ni, mo yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù yín bóyá àpò àjùmọ̀ní ti kúrò lọ́nà. Kódà bó bá kúrò lọ́la, ìdájọ́ yẹn kò sọ ẹni tí yóò san owó ìwádìí.

Agbára láti gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ọ̀rọ̀ káńsù, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ ní 2003, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ Oputa, tí ìjọba àpapọ̀ gbé dìde láti wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀, dé iwájú rẹ̀, pé ìjọba àpapọ̀ kò lágbára láti gbé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lé gbogbo ìpínlẹ̀ lórí. Ó dáa. Ẹni tó ní agbára ni kó ní ìnáwó. Kí gómìnà san án láti inú owó ìpínlẹ̀, kí ilé aṣòfin fọwọ́ sí iye rẹ̀ ní gbangba kí ẹlẹ́rìí kankan tó ya ẹnu. Bí gómìnà bá mọ̀ pé àpò òun ni, kò ní í máa rán ìgbìmọ̀ sí gbogbo alága tó bá gbó òun lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi, kí wọ́n kọ owó tó jẹ àti owó ìwádìí sí ọrùn rẹ̀. Mi ò sọ "ẹni tí ìgbìmọ̀ bá dárúkọ" o, ilé ẹjọ́ ni mo wí. Ìgbìmọ̀ tí alátakò ẹni gbé dìde kò gbọ́dọ̀ lè ta ilé ẹni.

Wọ́n á fi Rotherham, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tako mi. Òótọ́ ni, káńsù Rotherham fúnra rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ ìwádìí fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexis Jay ní 2013, òótọ́ tó korò ló sì kọ ní 2014: ó kéré tán, ọmọ 1,400 ni wọ́n fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ níbẹ̀ láàárín 1997 sí 2013. Ṣé ẹni tí wọ́n ń wádìí lè sanwó kí òótọ́ sì jáde? Ó lè rí bẹ́ẹ̀, níbi tí gbogbo ayé ti ń dúró de ìwé náà. Ìwé tí Màmá ń dúró dè kò tíì jáde títí dòní.

Alága ti lu agogo lẹ́ẹ̀mejì. Mo ka gbólóhùn kan tí mo fẹ́ kí ilé aṣòfin fi sínú òfin ìgbìmọ̀ olùwádìí, mo sì fi ti Màmá kún un lójú ẹsẹ̀: "Ìjọba tó bá gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí káńsù ni yóò san gbogbo owó rẹ̀ láti inú owó ìpínlẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó káńsù. Ẹlẹ́rìí tí a bá pè, a ó san owó ọkọ̀ àti owó ọjọ́ rẹ̀ fún un lẹ́yìn tó bá ti jẹ́rìí."

Màmá ti dìde, ó ti ń mú báàgì rẹ̀. Ó yíjú padà. Ó ní, "Rárá o. Kọ ọ́ pé kí n tó kúrò nílé."

Mo fa ìlà sí i, mo sì kọ ọ́ bó ṣe wí.