Sájẹ́ńtì Náà Lo Ṣì Wà?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, mi ò pe àlejò kankan. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, tèmi ni, mo sì mọ̀ pé ó kan ọ̀pọ̀ nínú yín tó wọṣẹ́ ológun níbí.

Ẹni tó bá ti ń gbọ́ mi tipẹ́ mọ̀ pé sójà Amẹ́ríkà ni mí, ní Fort Hood, ní Texas. Staff Sergeant ni mí, ìyẹn ìpele E-6, 92Y sì ni iṣẹ́ mi. Àwa la máa ń tọ́jú ẹrù àwọn ọmọ ogun, látorí ìbọn dórí àga ìjókòó. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wọṣẹ́. Láìpẹ́ yìí, ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa: ṣé iwájú ni mò ń lọ, àbí ojú kan ni mò ń jó sí?

Kì í kúkú ṣe ọkàn mi nìkan ló ń bi mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà n'Íbàdàn tí wọ́n ṣe sójà Nàìjíríà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, báréèkì Odogbo l'Ójòó ni wọ́n lò pẹ́ jù. Gbogbo ìgbà tí a bá ti kí ara wa tán lórí fóònù, wọ́n á ní, "Sájẹ́ńtì náà lo ṣì wà?" Wọn ò fi ṣèébú o. Lójú tiwọn, ọmọ tó jáde yunifásítì kò ní ohun tó ń ṣe ní ìdí sájẹ́ńtì. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó gba NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, ti ń di Major. Wọ́n ń ka oṣù àti ọdún fún mi, mo sì ń bá wọn kà á nínú ọkàn mi.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí, torí àwọn ará ilé ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wa tó wọlé láti Nàìjíríà ló ní dìgírì lọ́wọ́. Bí wọ́n bá yẹ ìwé náà wò tí wọ́n sì gbà á, Specialist, ìpele E-4 tí kò tíì tó sájẹ́ńtì, ni wọ́n á fi ẹ bẹ̀rẹ̀. Ó dáa, ó sàn ju ká bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì di ọmọ onílùú kò lè di officer. Àwọn kan gba ètò MAVNI wọlé, èyí tó ń gba àwọn àjèjì tí kò ní gíríìnì káàdì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá. Wọ́n ti tì í pa láti 2016. Àwa yòókù wọlé pẹ̀lú gíríìnì káàdì. Nígbà tí ìwé ọmọ onílùú bá fi jáde, o ti ní sájẹ́ńtì lókè orí, o ti ní ọmọ sójà lábẹ́ rẹ, o ti bímọ, o ti ra mọ́tò. Àkàbà tí o ti gùn dé àárín lo ń bá lọ.

Bí wọ́n ṣe ń gbéni ga nìyí. Títí dé Staff Sergeant, póìntì ni, 800 ló sì pọ̀ jù: ìbọn yíyin, eré ìdárayá, ìwé kíkà, àmì ẹ̀yẹ. Oṣooṣù ni iye tí wọ́n fẹ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jáde. Bí ẹ bá rí 798 níwájú iṣẹ́ tiyín, wọ́n ti tilẹ̀kùn nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ ò mọṣẹ́, àyè ni kò sí. Mo rí àwọn ọmọ wa tó ń sunkún lórí 798 bí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó dán wọn wò. Láti E-6 sí E-7, ìpele tó kàn, póìntì ò sí mọ́. Bọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbìmọ̀, ló ń ka fáìlì, tí wọ́n á to orúkọ rẹ mọ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ohun tí bọ́ọ̀dù sì ń kà jù ni NCOER, ìwé tí àwọn ọ̀gá ń kọ nípa ẹni. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ilé ti ń bá wa jà. Kí ọ̀gá tó kọ̀wé yìí, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ́kọ́ to ohun tí o ṣe sílẹ̀. Oríkì ara rẹ ni wọ́n ní kí o ki, kí o sì fi nọ́ńbà sí i: dúkìá mílíọ̀nù mélòó, sójà mélòó, iye ìgbà tí o ka ẹrù tí ohunkóhun ò sọnù. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé ẹlòmíì ló ń yin èèyàn, á kàn kọ "mo ran àwọn sójà mi lọ́wọ́" ni, á sì gbé fọ́ọ̀mù lọ. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò tó tiẹ̀, á kọ ojú ìwé kan. Bẹ́ẹ̀ òfin ò gbà kí ọ̀gá fún gbogbo èèyàn ní àmì tó ga jù, ìba díẹ̀ ló lè fún. Tí ẹ bá bọ́ sábẹ́ ọ̀gá kan náà pẹ̀lú àwọn Staff Sergeant tí iná wọn ń jó, ẹnì kan á kù sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin.

Mo ti sọ gbogbo ìyẹn tán, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ló yí ọkàn mi padà.

Nígbà tí kápútẹ́nì tuntun bá fẹ́ gbapò lọ́wọ́ èyí tó ń lọ, gbogbo ẹrù ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà kó tó buwọ́ lùwé. À ń kà á lọ́jọ́ kan. A ti tẹ́ tápólì sílẹ̀ nínú ọgbà mọ́tò, a to sípánà, sókẹ́ẹ̀tì àti òòlù sórí ẹ̀, oòrùn Texas ń pa wá. Kápútẹ́nì mú ìwé alá-wòrán dání, ó ń fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. A dé ìdí jẹnẹrétọ̀ kan, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ ò bá tinú ìwé mu. Ojú gbogbo èèyàn yí padà. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sọnù lórí ìwé, ìwádìí á bẹ̀rẹ̀, owó sì lè jáde lápò ẹnì kan.

A ránṣẹ́ pe Chief, ọ̀gá Warrant Officer tó ń mójú tó ìwé dúkìá gbogbo bríígéèdì wa. Ní Amẹ́ríkà níbí, oyè yẹn ga ju ti gbogbo sájẹ́ńtì lọ. Wọn ò pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lójú páálí irin tí nọ́ńbà wà, wọ́n ní kí n bá wọn tan tọ́ọ̀ṣì sí i. "Mẹ́jọ kọ́ nìyí, B ni." Wọ́n ní kí n lọ mú ìwé tí wọ́n fi gba jẹnẹrétọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. B ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ló ṣì í tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti ọdún gbọ́n-ọn. Wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ṣòkòtò, wọ́n bá tiwọn lọ.

Inú mi dùn débi tó yà mí lẹ́nu. Mo wá bi ara mi ní ohun tí mi ò tíì bi í rí: bí wọ́n bá fún mi ní E-7 lọ́la, kí ni màá máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè? Mo wo àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹjọ́ ọmọ sójà tó mutí wakọ̀, yàrá báréèkì tó ń jò, ìpàdé, ìwé ìbáwí. Iṣẹ́ gidi ni, ẹni tó bá ní àmúmọ́ra fún un, Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Èmi, ìwé ẹrù ni mo fẹ́ràn. Ó dá mi lójú wàyí pé mo ti ń sunkún oyè kan tí mi ò fẹ́ iṣẹ́ inú ẹ̀.

Àwọn kan á ní kí n kúkú fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá jáde kó tó pé 20 ọdún, owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù ò sí fún un. Fún àwa tó wà lórí ètò àtijọ́, tó bá pé 20, nǹkan bí ìdajì owó oṣù ìpìlẹ̀ ni, títí dọjọ́ ikú. Àwọn tó wọlé láti 2018, 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn, ṣùgbọ́n ìjọba ń dá owó mọ́ ti wọn nínú TSP, àpò ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì wọn, wọ́n sì lè kó o lọ. Ẹni tó wà ní ọdún kẹrin lè jáde láìbojúwẹ̀yìn. Ẹni tó ti kọjá ọdún kẹwàá, kó rò ó dáadáa. Ọ̀nà Reserve, iṣẹ́ ológun alákòókò díẹ̀, náà wà, àmọ́ ó di 60 ọdún kí ọ̀pọ̀ wọn tó rówó náà gbà.

Nítorí náà, Warrant Officer ni mo fẹ́ gbìyànjú, 920A, iṣẹ́ Chief gan-an. Kò béèrè dìgírì. Ó béèrè kí o jẹ́ ọmọ onílùú, kí GT rẹ, ìyẹn máàkì ìdánwò ológun, tó 110 ó kéré tán, kí àwọn ọ̀gá kọ lẹ́tà fún ẹ. Bí bọ́ọ̀dù bá mú ẹ, o di Fort Rucker ní Alabama, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn Warrant Officer. GT mi ò tíì tó 110. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ni wọ́n fi ń ṣe é, ìṣirò ò yọ mí lẹ́nu, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kì í sọ lẹ́nu ló ń gbé mi. Kíláàsì ọ̀fẹ́ kan wà fún un, mo ti forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mi ò tíì rí bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún. Ní Nàìjíríà, Warrant Officer wà lábẹ́ gbogbo officer, àgbà sájẹ́ńtì ni wọ́n kà á sí, òun náà ni wọ́n sì fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n á ní mo rìn jìnnà títí lọ Amẹ́ríkà kí n lè bá wọn níbi tí wọ́n ti kúrò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, màá bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba Fort Rucker kọjá, pàápàá ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nígbà tí ẹ ò sí nílé, àti irú ohun tí ẹ ní kí ọ̀gá yín kọ sínú lẹ́tà.