Una Marson: Akéwì tí Wọ́n Gbàgbé Sẹ́yìn Ẹ̀rọ Gbohùngbohùn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Fọ́tò kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1942 ni wọ́n yà á, nínú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́. Àwọn òǹkọ̀wé ló pé jọ síbẹ̀ láti ka ewì fún àwọn olùgbọ́ ní Íńdíà. George Orwell wà ní ìdúró lẹ́yìn, T.S. Eliot jókòó níwájú, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan sì jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín gbùngbùn gbogbo wọn. Ojú Orwell àti ti Eliot, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé méjèèjì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá nínú fọ́tò yìí. Èmi fẹ́ kí ẹ wo obìnrin yẹn.

Una Marson lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1905 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Saint Elizabeth ní Jàmáíkà, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni bàbá rẹ̀. Ní 1928, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní The Cosmopolitan. Kò tíì sí obìnrin kankan ní Jàmáíkà tó dán irú ẹ̀ wò, kó jẹ́ òun ni olóòtú, kó tún jẹ́ òun ló ni ín. Ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1930, òmíràn tẹ̀ lé e ní 1931. Ní 1932 wọ́n ṣe eré orí ìtàgé tó kọ, At What a Price, ní Kingston, olú ìlú Jàmáíkà. Ọdún yẹn náà ló wọkọ̀ ojú omi, ó di Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́ńdọ̀nù ò tẹ́ ẹní fún un. Ó wáṣẹ́ ọ́fíìsì títí, àwọ̀ ara rẹ̀ ló ń dí i lọ́nà. Ilé Dókítà Harold Moody ní Peckham ló dé sí, ọmọ Jàmáíkà bíi tirẹ̀, ó sì di akọ̀wé ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples tí Moody dá sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí, The Keys, ni ewì rẹ̀ kan ti jáde ní 1933, lórí èébú tí àwọn ọmọ òyìnbó kéékèèké ń bú u bó ti ń kọjá lójú títì. Ọ̀rọ̀ èébú náà gan-an ló fi ṣe àkọlé. Kò fi ìbínú rẹ̀ pamọ́, ó sì tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ títí ó fi kan òwò ẹrú. Èèyàn ò lè ka ewì yẹn tán kó dìde kíákíá.

Nígbà tí Ítálì gba ilẹ̀ Ethiópíà, tí Olú-ọba Haile Selassie sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1936, Una Marson bá a ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, ó sì bá a dé Geneva ní Switzerland. Lẹ́yìn ìyẹn ó padà sílé fún bí ọdún méjì, ó kọ eré míì, ó tẹ ìwé ewì The Moth and the Star jáde ní 1937, ó tún forí lé Lọ́ńdọ̀nù ní 1938. Ibẹ̀ ni ogun ká a mọ́.

Oṣù Kẹta ọdún 1941 ni BBC gbà á síṣẹ́ pátápátá. Ẹ jẹ́ ká rántí bí nǹkan ṣe rí lásìkò náà. Bọ́ǹbù Jámánì ti já lu ilé BBC gan-an ní oṣù Kẹwàá ọdún 1940, òṣìṣẹ́ méje kú. Oṣù tí Una wọṣẹ́ yìí náà ni bọ́ǹbù pa Ken "Snakehips" Johnson, gbajúmọ̀ olórin ọmọ Guyana, níbi tó ti ń ṣeré ní Café de Paris, ilé ijó kan ní Lọ́ńdọ̀nù.

Calling the West Indies ni ètò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ erékùṣù Karibíánì (àwọn ni òyìnbó ń pè ní West Indies, Jàmáíkà wà lára wọn) tó ń jagun, àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà, á wá síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á kí ìyá, wọ́n á kí ìyàwó, wọ́n á ní àwọn ṣì wà láàyè. Nígbà ogun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí aláyẹ̀wò tó fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ibi tí ọmọ ogun wà. Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin tó fi ilé sílẹ̀ láìtíì hu irùngbọ̀n, tó di bébà kan mú, tó mọ̀ pé ìyá òun lè wà nídìí rédíò lẹ́yìn òkun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ní. Ìyá náà ò lè dáhùn.

Akéwì ló ń darí ètò yìí o, kò sì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1943, ó mú àyè kan nínú ètò náà fún ìtàn àti ewì àwọn ọmọ Karibíánì, ó pè é ní Caribbean Voices. Títí di 1958 ni ètò yẹn fi wà lórí afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni aráyé ti gbọ́ ohùn Sam Selvon, George Lamming, Derek Walcott àti V.S. Naipaul nígbà tí wọn ò tíì di òǹkọ̀wé ńlá. Ṣùgbọ́n Henry Swanzy, tó gba ètò náà lọ́dún 1946, lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ bá kan ìyìn. Ó ṣiṣẹ́, mi ò bá a jà. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni mò ń wí.

Àárẹ̀ ọkàn ti mú Una nígbà náà, ó sì padà sí Jàmáíkà. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1965 ló kú ní Kingston, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ó tó 1998 kí Delia Jarrett-Macauley tó kọ odindi ìwé lórí ìgbésí ayé rẹ̀. Ní 2023, wọ́n ṣí ilé ìkàwé kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù.

Inú mi dùn sí gbogbo èyí, àmọ́ nǹkan kan ń dùn mí. Bí wọ́n bá ti ní òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe olóòtú ètò ní BBC, ọ̀pọ̀ ló ń pa ìwé dé níbẹ̀. Oyè "ẹni àkọ́kọ́" yẹn tún fẹ́ bo akéwì náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo ewì rẹ̀ kan, Kinky Hair Blues. Ọmọbìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, lédè ìgboro gan-an, bí orin blues ni ìlù rẹ̀ ṣe ń lọ. Ó fẹ́ràn irun rẹ̀ tó lọ́, ó fẹ́ràn ojú rẹ̀ tó dú. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọn ò wò ó. Nígbà tó yá, ó gbà: ó ń lọ fi iná na irun, ó ń lọ bó àwọ̀. Una ò bá a wí, kò sì gbè é. Ó kàn jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọmọ náà bó ṣe ń lọ. Ní 1937 ló ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Fíìmù kékeré kan wà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà ogun, Hello! West Indies, ti 1943. Una Marson wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ wò ó nírọ̀lẹ́ òní, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ka Kinky Hair Blues sókè lóhùn tirẹ̀.